Ogún Ọdún Ń Bọ̀ Wá Ku Ọ̀la: Ìtàn Ìyípadà Ọ̀nà Ìtọ̀ sínú Ìfun Ńlá àti Jẹjẹrẹ tí ó Tẹ̀lé e, 1851–2011

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpinpin ìtàn iṣẹ́ abẹ kan tí àwọn oníṣègùn fi ń darí ìtọ̀ gba inú ìfun ńlá nígbà tí àpòòtọ̀ bá bàjẹ́ tàbí tí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ọdún 1851 ni a kọ́kọ́ ṣe é. Ní ọdún 1929 ni a kọ ọ́ sílẹ̀ pé jẹjẹrẹ hù níbi tí a ti so ìtọ̀ pọ̀ mọ́ ìfun, síbẹ̀ ó di ìparí àwọn ọdún 1970 kí ewu náà tó di ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń fi kìlọ̀ fún ara wọn. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni ìdí tí ìmọ̀ náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. A ó fi hàn pé ikú tí ó ń tètè pa àwọn aláìsàn ló kọ́kọ́ bo ewu náà mọ́lẹ̀, àti pé lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́ láyé, àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kò gùn tó ẹ̀mí wọn. Níkẹyìn, a ó wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń fi èdè Yorùbá ṣe ìtọ́jú àti ìwádìí.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. A máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí ó rò pé ọjọ́ tí òun dá jìnnà, tí kò sì múra sílẹ̀ dè é. Nínú ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí, òwe náà ju àfiwé lọ. Iye ọdún tí ó dárúkọ gan-an ni ó wà nínú ìwé àwọn oníṣègùn: ẹni tí a darí ìtọ̀ rẹ̀ sínú ìfun ńlá lónìí lè gbé ayé ní àlàáfíà fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí jẹjẹrẹ tó yọjú níbi ojú rírán náà.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Kíndìnrín méjèèjì ni ó ń sẹ́ ìtọ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ti ara kíndìnrín kọ̀ọ̀kan gbé ìtọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ lọ sínú àpòòtọ̀, níbi tí ó ń gbé dúró títí ènìyàn yóò fi tọ̀ ọ́ síta. Iṣan ìtọ̀ ni a ó máa pe iṣan méjì wọ̀nyí. Bí àpòòtọ̀ bá wá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ìtọ̀ kò ní ṣàì wá, nítorí kíndìnrín kì í sinmi. Ọ̀nà mìíràn ni a ní láti wá fún un. Nínú gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn ti dá, èyí tí ó dàgbà jù lọ ni ti kí a gé iṣan ìtọ̀ méjèèjì, kí a sì rán wọn mọ́ apá ìsàlẹ̀ ìfun ńlá, kí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lè máa gba ihò kan náà jáde. Ẹwà ọ̀nà yìí ni pé iṣan tí ó ń di ìgbẹ́ mú nídìí yóò di ìtọ̀ náà mú. Aláìsàn yóò gbẹ, kò ní rùn, kò sì ní gbé àpò kankan kọ́ra.

Ọmọ tí àpòòtọ̀ rẹ̀ là síta

Àwọn tí iṣẹ́ abẹ náà kọ́kọ́ wà fún ni àwọn ọmọ tí a bí tí iwájú àpòòtọ̀ wọn kò pàdé. Ara ikùn wọn nísàlẹ̀ ìdodo là sílẹ̀, inú àpòòtọ̀ hàn síta ní pupa, ìtọ̀ sì ń kán láti ibẹ̀ tọ̀sán tòru. Irú ìbí bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Nǹkan bí ọmọ 1 nínú 30,000 sí 50,000 ni ó ń kàn. Ní ìdajì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún wọn ju kí a máa pààrọ̀ aṣọ tí ó tutù lọ.

Ní ọdún 1851, John Simon, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, gbìyànjú láti ṣí ọ̀nà láti inú iṣan ìtọ̀ ọmọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ sínú ìfun ìdí rẹ̀. Àwọn òǹkàwé kan lè mọ Simon nídìí ọ̀rọ̀ mìíràn: òun ni ìjọba City of London yàn ní ọdún 1848 gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn àkọ́kọ́ tí yóò máa bójú tó ìlera àwọn ará ìlú náà. Ọmọ náà yè fún ìgbà díẹ̀, ìtọ̀ sì gba ìdí rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ó kú lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan. Nígbà tí Simon tẹ ìròyìn náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní ọdún 1852, àṣeyọrí onígbà díẹ̀ àti ikú tí ó tẹ̀ lé e ni ó kọ pọ̀ sínú àkọlé rẹ̀. Ìṣòtítọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún òpìtàn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìwé ti jẹ́rìí pé iṣẹ́ abẹ yìí lè ṣiṣẹ́, kí ó sì tún pa ènìyàn.

A gbọ́dọ̀ rántí àkókò tí Simon gbé ayé. Oògùn ìpani-níyè fún iṣẹ́ abẹ kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, nítorí ọdún 1846 ni a fi ether hàn ní gbangba ní Boston. Ọdún 1867 ni Joseph Lister tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí bí a ṣe lè dènà ọgbẹ́ kíkẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìfun nígbà náà, inú ẹrẹ̀ kòkòrò àrùn ni ó ń ti ọwọ́ bọ̀ láìmọ̀.

Láti Prague dé Portland

Ohun tí ó ń pa àwọn aláìsàn kò ṣòro láti rí. Ìfun a máa fún ara rẹ̀ pọ̀ láti ti ìgbẹ́ síwájú. Bí ó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ àti kòkòrò inú rẹ̀ a máa padà gba inú iṣan ìtọ̀ gòkè lọ sí kíndìnrín. Kíndìnrín a kẹ̀, aláìsàn a sì kú. Ní àwọn ọdún 1890, Karel Maydl, oníṣẹ́ abẹ ará Czech, wá ọgbọ́n sí i. Kò gé iṣan ìtọ̀ rárá. Ó gé ìpìlẹ̀ àpòòtọ̀ níbi tí iṣan méjèèjì ti wọlé, ó sì rán odidi rẹ̀ mọ́ ìfun, kí ẹnu iṣan tí ẹ̀dá dá lè wà bí ó ti wà, kí ó sì máa dènà ìpadàsẹ́yìn.

Ní ọdún 1911, Robert C. Coffey ní ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, tẹ àlàyé kan jáde tí ó yí ìṣe náà padà. Ó ti ṣàkíyèsí bí iṣan òróòro ṣe ń wọ inú ìfun: kì í gbà á wọlé gbọọrọ, ó máa ń rìn díẹ̀ nínú ògiri ìfun kí ó tó yọjú sí inú. Bí ìfun bá kún, ògiri náà a tẹ iṣan pẹlẹbẹ, ohunkóhun kò sì ní lè padà gòkè. Coffey dán irú ìrìn bẹ́ẹ̀ wò fún iṣan ìtọ̀ lára ajá, ó rí i pé ó ṣiṣẹ́, kò sì pẹ́ tí Charles Mayo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún ènìyàn ní Minnesota. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ abẹ tí ó jẹ́ ìdánwò di ohun tí ilé ìwòsàn ńlá ń ṣe lemọ́lemọ́. Ní ọdún 1911 yìí kan náà, oníṣẹ́ abẹ ará Netherlands kan, Zaaijer, ṣàpèjúwe ọ̀nà mìíràn, èyí tí ó fi gígé ìfun kékeré kan ṣe ojúṣàn ìtọ̀ láti inú ara wá sí ojú ikùn. Kò sẹ́ni tí ó kọbi ara sí i. Ìdí èyí yóò hàn níwájú.

Ìkìlọ̀ tí kò rí etí gbọ́

Ní ọdún 1929, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Hammer kọ ìròyìn kan ní èdè Faransé nípa aláìsàn tí a bí pẹ̀lú àpòòtọ̀ tí ó là síta. A ti darí iṣan ìtọ̀ rẹ̀ sínú ìfun ńlá; ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, jẹjẹrẹ hù nínú ìfun náà. Ìròyìn àkọ́kọ́ nìyí. Lójú tiwa lónìí, ó dà bí agogo ìkìlọ̀. Lójú àwọn tí ó kà á nígbà náà, aláìsàn kan ṣoṣo ni, nínú ayé tí jẹjẹrẹ ìfun ti ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a kò ṣe iṣẹ́ abẹ kankan fún.

Kí ló dé tí wọn kò fi rí i? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé àwọn aláìsàn kì í pẹ́ tó. Kí oògùn sulphonamide tó dé ní àwọn ọdún 1930, àti penicillin àti streptomycin ní àwọn ọdún 1940, àkóràn kíndìnrín ń mú ọ̀pọ̀ lọ kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Ẹni tí ó kú ní ọdún kẹfà kò lè ní àrùn tí ń yọjú ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èyí ni ohun tí ó takókó jù lọ nínú ìtàn yìí: àṣeyọrí ìṣègùn ni ó sọ ewu náà di ohun tí ojú lè rí. Bí oògùn ṣe ń gba àwọn aláìsàn lọ́wọ́ ikú kan, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fún wọn ní ọdún tí ikú mìíràn nílò láti dàgbà.

Ìdáhùn kejì ni pé ọmọdé ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí a ṣe é fún wọn. Oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ni ó mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ti dàgbà, wọ́n a fi ìlú sílẹ̀, wọ́n a ṣègbéyàwó. Bí ìgbẹ́ wọn bá wá ń ní ẹ̀jẹ̀ nínú ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, oníṣègùn mìíràn ni wọ́n ń tọ̀ lọ. Oníṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ sì ti lè fẹ̀yìn tì tàbí kó ti kú. Ìdáhùn kẹta ni pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá jẹ́ àrùn àgbàlagbà lójú gbogbo ènìyàn. Oníṣègùn tí ó rí ọ̀dọ́ tí ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́jẹ̀ yóò kọ́kọ́ ronú kan jẹ̀díjẹ̀dí tàbí ìgbẹ́ ọ̀rìn.

Ọdún 1950 àti ìdí mìíràn tí a fi pa á tì

Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ọn pé nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí pa iṣẹ́ abẹ yìí tì, jẹjẹrẹ kọ́ ni ó lé wọn. Ní ọdún 1950, Ferris àti Odel ní Mayo Clinic tẹ àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tí ìtọ̀ wọn ń gba ìfun jáde. Nǹkan bí ẹni mẹ́rin nínú márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ wọn ti kan jù. Ìfun ńlá kò dà bí àpòòtọ̀ tí ń gba nǹkan sínú tí kì í mu ún. Iṣẹ́ ìfun ni kí ó fa omi àti iyọ̀ padà sínú ara. Bí ìtọ̀ bá dúró nínú rẹ̀, ó ń fa ohun tí kíndìnrín ti tú dànù padà, ó sì ń tú potassium dànù. Aláìsàn a máa rẹ̀, òùngbẹ a máa gbẹ ẹ́, egungun ọmọdé kò sì ní dàgbà bí ó ti yẹ.

Ní ọdún 1950 kan náà, Eugene Bricker ní ìlú St. Louis ṣàlàyé bí a ṣe lè gé apá kan ìfun kékeré, kí a rán iṣan ìtọ̀ méjèèjì mọ́ ìdí rẹ̀, kí a sì yọ ẹnu rẹ̀ síta lára ikùn, níbi tí ìtọ̀ yóò ti máa kán sínú àpò tí a lẹ̀ mọ́ ara. Ohun tí Zaaijer ti sọ ní ọdún 1911 ni èyí. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ní ọdún 1950, àpò rọ́bà tí ó lè lẹ̀ mọ́ ara láìjò ti wà lọ́jà. Ẹ̀rọ kékeré aláìlókìkí yìí ni ó sọ èrò tí a ti gbàgbé di ìṣe gbogbo ayé. Láàrin ọdún díẹ̀, ọ̀nà Bricker gba ipò iwájú ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù.

Àwọn tí a ti darí ìtọ̀ wọn sínú ìfun ńlá kí ọ̀nà Bricker tó gbilẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. A ti pa iṣẹ́ abẹ náà tì. Àwọn tí a ṣe é fún ń bẹ láyé, ọdún wọn sì ń pé. Láti àwọn ọdún 1970 ni ìròyìn jẹjẹrẹ ti ń wọlé láti ìlú dé ìlú. Ní ọdún 1979, Leadbetter, Zickerman àti Pierce kọ̀wé lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí. Ní ọdún 1990, Husmann àti Spence ṣe àtúpalẹ̀ gbogbo ìròyìn tí ó ti wà. Ohun tí ó jáde ni pé ìgbà tí ń bẹ láàrin iṣẹ́ abẹ àti jẹjẹrẹ a máa tó nǹkan bí ogún ọdún sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àti pé ojú ibi tí a ti rán iṣan ìtọ̀ mọ́ ìfun gan-an ni ó ti ń hù. Ọmọ tí a ṣe é fún ní ọmọ ọdún márùn-ún lè pàdé jẹjẹrẹ náà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Níbi tí ìtọ̀, ìgbẹ́ àti àpá ti pàdé

Àlàyé àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ fi ọwọ́ mú ni ti kẹ́míkà. Ìtọ̀ ní nitrate nínú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ńlá lè sọ ọ́ di nitrite, nitrite náà sì lè dàpọ̀ mọ́ àwọn èròjà mìíràn di nitrosamine, ọ̀wọ́ èròjà tí a mọ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ẹranko. Àlàyé náà dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń bẹ tí kò lè dáhùn ní òun nìkan: bí májèlé bá wà nínú gbogbo ìfun, kí ló dé tí ojú rírán nìkan fi ń jìyà?

Ní ọdún 1980, Crissey, Steele àti Gittes tẹ àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára eku jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n darí ìtọ̀ eku sínú ìfun, jẹjẹrẹ sì hù. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ darí ìgbẹ́ gba ibòmíràn, tí ìtọ̀ nìkan fi ń kan ojú rírán, ààbò wà. Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni ó ń pàdé: ìtọ̀, ìgbẹ́, àti àpá ọgbẹ́ tí ń gbìyànjú láti jinná níbi tí ara oríṣi méjì ti kan ara wọn. Ara tí kò yé jinná kì í yé pín, ara tí kò sì yé pín a máa ṣàṣìṣe.

Kùkùté tí a fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀

Ìmọ̀ yìí ní ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ti ń sá fún ewu náà. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kan jù tàbí tí kíndìnrín wọn bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni a yí padà sí ọ̀nà Bricker. A gé iṣan ìtọ̀ kúrò lára ìfun ńlá, a sì fi ìdí rẹ̀ kékeré sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí yíyọ rẹ̀ yóò mú kí iṣẹ́ abẹ pẹ́ sí i. Aláìsàn gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, oníṣẹ́ abẹ náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ hù lórí kùkùté náà lára àwọn kan, níbi tí ẹ̀kán ìtọ̀ kan kò ti kàn mọ́ láti ìgbà pípẹ́.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ wọ inú ìlànà ìtọ́jú: ẹni tí a bá ń yí padà, kí a gé ojú rírán àtijọ́ kúrò pátápátá, ẹni tí a bá fi kùkùté sílẹ̀ sí nínú, kí a máa wo inú ìfun rẹ̀ títí ayé bí ẹni tí a kò yí padà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kí àyẹ̀wò ọdọọdún bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ tán, ní ọdún kẹwàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ; àwọn mìíràn ní kí ó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú àyẹ̀wò náà ṣe é ṣe ni ẹ̀rọ rírọ̀ tí a fi ń wo inú ìfun, tí Wolff àti Shinya ní New York fi bẹ̀rẹ̀ sí gé kókó inú ìfun ní ọdún 1969 láìla ikùn. Kókó tí a bá tètè gé kì í dúró di jẹjẹrẹ.

Ewu kan tún fara pamọ́ sínú àyẹ̀wò yìí. Ẹnu iṣan ìtọ̀ a máa yọ kókó díẹ̀ sínú ìfun. Oníṣègùn tí a kò sọ ìtàn aláìsàn fún lè rò pé kókó àrùn ni, kí ó sì gé e, kí ó sì ba ọ̀nà ìtọ̀ jẹ́. Nítorí náà, aláìsàn tí kò lè sọ irú iṣẹ́ abẹ tí a ṣe fún un wà nínú ewu lọ́wọ́ àrùn, ó sì wà nínú ewu lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gbà á.

Ìdí tí ìtàn náà kò fi parí ní Áfíríkà

Bí a bá fi ìtàn yìí mọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, yóò dà bí ẹni pé iṣẹ́ abẹ náà kú ní ọdún 1950. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Bricker gbára lé àpò tí a ní láti máa rà títí ayé. Níbi tí àpò náà kò sí, tàbí tí owó rẹ̀ ju agbára ẹbí lọ, ẹnu tí ó ń kán lára ikùn kò sàn ju àpòòtọ̀ tí ó ń jò lọ. Mùsùlùmí tí ó fẹ́ ṣe àlùwàlá, obìnrin tí ó fẹ́ gbé pẹ̀lú ọkọ, ọmọ tí ó fẹ́ jókòó sí kíláàsì, gbogbo wọn ni ó ní ìdí láti fẹ́ ọ̀nà tí kò hàn síta.

Íjíbítì ni àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù. Ní ọdún 1851, ọdún tí Simon ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ gan-an, Theodor Bilharz rí aràn tí ó ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ní ìlú Cairo. Ní ọdún 1911, ọdún Coffey àti Zaaijer, Ferguson kọ̀wé láti Íjíbítì nípa àrùn aràn náà àti jẹjẹrẹ àpòòtọ̀. Ní ọdún 1994, ilé iṣẹ́ àgbáyé fún ìwádìí jẹjẹrẹ ka aràn náà sí ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ omi odò láti kékeré ni a ń yọ àpòòtọ̀ wọn ní àádọ́ta ọdún, gbogbo wọn sì nílò ọ̀nà mìíràn fún ìtọ̀. Ní ilé ìwòsàn àkànṣe ti ìlú Mansoura, tí Mohamed Ghoneim dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, àwọn oníṣẹ́ abẹ tún ọ̀nà ìfun ìdí ṣe ní oríṣiríṣi láti dín bíba kíndìnrín jẹ́ kù. Aràn yìí kan náà wà ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí a ń pe àìsàn rẹ̀ ní àtọ̀sí ajá. Àwọn tí ń gbé ní àyíká adágún Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n dunjú.

Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn obìnrin tí ìrọbí pẹ́ lé lórí títí tí ihò fi là láàrin àpòòtọ̀ wọn àti ojú ara. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ihò bẹ́ẹ̀ ni a lè rán pa. Fún ìwọ̀nba àwọn tí àpòòtọ̀ wọn ti run, ìyípadà ọ̀nà ìtọ̀ sínú ìfun ni ó ń sọ wọ́n di ẹni tí ó lè bá ẹgbẹ́ jókòó. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Bí obìnrin kan bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí a ṣe é, ọjọ́ tí jẹjẹrẹ lè yọjú yóò bá a ní ogójì ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń jẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò tọ́ kí a dá àwọn oníṣẹ́ abẹ wọ̀nyí lẹ́bi. Ẹni tí ó ń jò lónìí kò lè fi ìtìjú ogún ọdún ra ewu tí ó ṣeé ṣe kí ó má dé. Bí ó bá mọ̀, tí ó sì yàn án, ó yàn dáadáa. Ohun tí ó ń bani lọ́kàn jẹ́ ni ti ẹni tí kò mọ̀ pé òun yan nǹkan kan.

Ìṣirò ọdún 2011 àti bí ó ṣe yẹ kí a kà á

Ní ọdún 2011, Kälble àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì tẹ ìṣirò kan jáde tí ó kó ilé ìwòsàn 44 pọ̀. Láàrin ọdún 1970 sí 2007, ìyípadà ọ̀nà ìtọ̀ tí wọ́n ṣe jẹ́ 17,758. Èèmọ̀ tuntun tí ó hù nínú ìfun tí a lò jẹ́ 32. Nínú àwọn tí a darí iṣan ìtọ̀ wọn sínú ìfun ńlá, ó jẹ́ 2.58 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí a fi ìfun mú àpòòtọ̀ wọn fẹ̀ sí i, ó jẹ́ 1.58. Nínú àwọn tí a fi ìfun kékeré ṣe àpòòtọ̀ tuntun fún, ó jẹ́ 0.05, nínú àwọn tí a lo ọ̀nà Bricker fún, 0.02 péré ni.

Ìyàtọ̀ náà pọ̀ púpọ̀, ó sì bá ohun tí àwọn ìròyìn àtijọ́ ti ń sọ mu. Síbẹ̀, òpìtàn gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí a kà. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ń lo ọ̀nà Bricker fún jẹ́ àgbàlagbà tí jẹjẹrẹ àpòòtọ̀ ti mú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lo ogún ọdún mọ́ láyé. Àwọn ọ̀nà tuntun kan kò sì tíì pẹ́ tó ogún ọdún nígbà tí ìṣirò náà parí. Àṣìṣe tí ó bo ewu náà mọ́lẹ̀ kí oògùn tó dé lè máa bo òmíràn mọ́lẹ̀ lónìí. Iye tí ó kéré lè jẹ́ ẹ̀rí ààbò, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rí pé ogún ọdún kò tíì pé.

Ọ̀rọ̀, ìrántí àti èdè

Kí ni èyí kan ìmọ̀ Yorùbá? A rò pé ó kàn án ní ọ̀nà méjì. Èkíní ni ti ọ̀rọ̀. Jẹjẹrẹ, bí a ti ń lò ó, ń fi àrùn tí ń jẹ ara díẹ̀díẹ̀ hàn. Etí tí ó bá gbọ́ ọ a máa retí egbò tí ojú lè rí. Kókó inú ìfun tí kò dun ènìyàn, tí kò sì hàn, kò rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ìtọ̀: èdè wa ní orúkọ fún kíndìnrín, àpòòtọ̀ àti ìfun, ṣùgbọ́n orúkọ tí gbogbo ènìyàn fi ń pe iṣan tí ó so méjì àkọ́kọ́ pọ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí a kò rí ọ̀rọ̀ fi sọ ohun tí a gé lára rẹ̀ fún, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ fún oníṣègùn mìíràn lẹ́yìn ogún ọdún?

Èkejì ni ti ìrántí. Fáìlì ilé ìwòsàn lè sọnù, ó lè jóná, ikán lè jẹ ẹ́. Ẹni tí ó ń gbé ìtàn náà kiri láìsọnù ni aláìsàn fúnra rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀. Àwọn Yorùbá mọ bí a ṣe ń fi ìtàn pamọ́ sínú ẹbí: orílẹ̀, ìnagijẹ, èèwọ̀ ilé. Ẹbí tí ó mọ̀ pé àwọn kì í jẹ ohun kan láti ayé baba ńlá wọn lè mọ̀ pẹ̀lú pé a darí ìtọ̀ ọmọ wọn gba inú ìfun ní ọdún báyìí, àti pé a gbọ́dọ̀ wo inú ìfun náà lọ́dọọdún. Ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ ni ìtìjú. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń sọ níwájú àlejò, ọ̀pọ̀ òbí sì máa ń fi irú ìbí ọmọ wọn pamọ́ fún ọmọ náà pàápàá. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìtàn iṣẹ́ abẹ yìí kò lọ tààrà. Ọmọ Simon kú ní ọdún kan. Aláìsàn Hammer dé ọdún mẹ́wàá. Àwọn tí oògùn dá sí dé ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti bá ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pàdé. Wọ́n pa iṣẹ́ abẹ náà tì nítorí ìdí kan, wọ́n wá mọ ìdí tí ó burú jù ú lọ lẹ́yìn náà. Níbi tí kò sí àpò, wọn kò pa á tì, wọn kò sì ṣe àṣìṣe, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí a ṣe é fún bá mọ ọjọ́ tí yóò máa kà.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò tẹ̀ lé iṣẹ́ yìí, a rò pé iṣẹ́ méjì wà nílẹ̀. Ọ̀kan ni kí a gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí a ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ báyìí fún ní ilẹ̀ wa, pẹ̀lú àṣẹ wọn àti ìpamọ́ orúkọ wọn, kí a lè mọ ohun tí a sọ fún wọn àti ohun tí wọ́n gbọ́. Èkejì ni kí àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn oníṣègùn jókòó pọ̀ láti fi ẹnu kò sí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a máa lò, kí ó sì wọ inú ìwé pélébé tí aláìsàn lè mú lọ sílé. Ẹni tí a ṣe é fún lónìí kò ní ju ogún ọdún lọ láti dúró. Ogún ọdún náà sì ń bọ̀ wá ku ọ̀la.